Ìkọlù Níwájú Ilé: Bí Adájọ́ Ṣe Ń Mọ Ẹni Tí Ó Yẹ Kí A Lé Jáde Nínú Eré Bésíbọ́ọ̀lù Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé

Nínú eré bésíbọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ ilé-ìwé girama ń ṣe káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò sí ìgbà tí ọkàn òǹwòran ń gbọ̀n bí ìgbà tí asáré bá já kúrò ní béèsì kẹta tí ó ń bọ̀ wálé, tí bọ́ọ̀lù ń ti òpin pápá fò bọ̀, tí ahánbọ́ọ̀lù tí ń ṣọ́ ilé, ìyẹn àwo funfun tí a tẹ́ mọ́lẹ̀, sì ti na ìbọ̀wọ́ awọ rẹ̀ dè é. Ẹsẹ̀ bàtà 90 péré ni ó wà láàrin béèsì méjì. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dé ojú kan náà pọ̀, ara á kọ lu ara, eruku á sọ lálá, àwọn òbí apá ọ̀tún á máa kígbe pé kí a lé e jáde, tòsì á ní ọmọ àwọn kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n ka bí ìkọlù náà ti le tó sí ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n sì gbà pé bí ọmọ kan bá ti wà nílẹ̀ tí ń jẹ̀rora, ó di dandan kí èkejì jẹ̀bi. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Àjọ NFHS, tí ń ṣe òfin eré àwọn ilé-ìwé girama, tí ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Indianapolis, tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìpínlẹ̀ sì ń tẹ̀ lé ìwé òfin rẹ̀, ka ìkọlù sí ìwà ìkà nígbà tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ fi agbára tí ó kọjá ààlà ṣe é, tàbí tí a bá fi èrò àti pa ẹlòmíràn lára ṣe é. Ọmọ méjì lè forí gbárí nítorí pé bọ́ọ̀lù fa ọ̀kan wá sójú ọ̀nà èkejì lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn, kí adájọ́ má sì rí ẹnikẹ́ni lé. Ẹnìkan sì lè fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ẹnìkejì tí kò farapa rárá, síbẹ̀ kí ó di ẹni à-lé-jáde.

Ènìyàn ni à ń rí, a kì í rí inú. Báwo wá ni adájọ́ yóò ṣe mọ ohun tí ọmọ ọdún 16 ní lọ́kàn? Ara ni í wò, pàápàá ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó kẹ́yìn. Ǹjẹ́ ojú asáré wà lára àwo funfun náà, àbí àyà ahánbọ́ọ̀lù ni ó tẹjú mọ́? Ǹjẹ́ ó rẹ èjìká sílẹ̀ bí àgbò tí ó fẹ́ kàn? Ǹjẹ́ ó ká apá méjèèjì sókè síwájú àyà? Ǹjẹ́ àyè wà láti yà, tí kò yà? Adájọ́ tí ó mọ iṣẹ́ a máa sún láti ẹ̀yìn ahánbọ́ọ̀lù bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó lè rí àlàfo tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn eré wọ̀nyí, kò sí fídíò tí yóò dá padà wò.

Mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ dájú pé kò sí òfin tí ó sọ pé dandan ni kí asáré fi ara yọ̀ nílẹ̀ wọlé. Ó lè dúró, ó lè yà bàrá, ó lè padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá yàn láti yọ̀, kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá orúnkún ahánbọ́ọ̀lù tí ó wà ní ìdúró, kò sì gbọdọ̀ yí gbirigbiri lù ú. Ó lè fò kọjá lórí ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni kí ó fi orí síwájú bẹ́ gba òkè rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó bá rú irú òfin bẹ́ẹ̀ ti kú, ìyẹn ni pé ìsáré rẹ̀ yẹn ti já sófo, ṣùgbọ́n ó lè kú kí a má lé e, nítorí ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni ti ìkà.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ahánbọ́ọ̀lù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Bí bọ́ọ̀lù kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ara dí ilé. Bí ó bá dí i, adájọ́ yóò pè é ní ìdènà, asáré yóò sì gba ilé rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí, nítorí olùkọ́ni tí ó kọ́ ọmọ pé kí ó fi orúnkún gúnlẹ̀ dínà kí bọ́ọ̀lù tó dé ti fi ọmọ méjì sínú ewu lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, òfin kò gbà kí a fi ibi san ibi: bí asáré tí a dí lọ́nà bá fi ìkà kọ lu ẹni tí ó dí i, ìkà náà borí ìdènà. Yóò kú, a ó lé e, eré á dúró, àwọn asáré yòókù á sì padà sí béèsì tí wọ́n wà nígbà tí ara kan ara. Àfi bí ó bá ti tẹ ilé kí ó tó hùwà náà ni ayò rẹ̀ yóò fi dúró, òun fúnra rẹ̀ á sì lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ahánbọ́ọ̀lù ni ó hùwà ìkà, òun ni a ó lé.

Àwọn àgbà ni wọ́n fi ìwà yìí han ọmọ. Ní 1970, nínú ìdíje àwọn ìràwọ̀ ní Cincinnati, asáré Pete Rose gbá ahánbọ́ọ̀lù Ray Fosse lulẹ̀ níwájú ilé láti gba ayò àjàṣẹ́gun, Fosse sì farapa léjìká. Ní 2011, asáré Scott Cousins kọ lu Buster Posey, ahánbọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ San Francisco Giants, ẹsẹ̀ Posey ṣẹ́, kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ní sáà náà. Ìgbà tí ó di 2014 ni àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ṣòfin láti dín irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ kù, nígbà tí àwọn ilé-ìwé ti ṣe tiwọn ṣáájú. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ń gba owó ọ̀yà lè yan ewu fún ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni ìyá ọmọ rán an lọ.

Ìjìyà náà kì í ṣe kékeré. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tí a lé kò ní kópa nínú eré tí ó tẹ̀ lé e, adájọ́ á sì kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí àjọ ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, tòsì ni a fi ń fà á mọ́ra: olùkọ́ni tí a lé gbọ́dọ̀ kúrò ní àyíká pápá pátápátá, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí a lé yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ rẹ̀ títí eré yóò fi parí, kí ó lè wà lábẹ́ ojú àgbàlagbà tí ilé-ìwé fà á lé lọ́wọ́.