Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ère ọ̀gágun tó pàdánù ogun

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, Robert E. Lee, ọ̀gágun àwọn ará Gúúsù tí kò fẹ́ tú ẹrú sílẹ̀, sì juwọ́ sílẹ̀ fún Grant, ọ̀gágun àwọn ará Àríwá. Síbẹ̀, ní 1890, wọ́n gbé ère rẹ̀ lórí ẹṣin kalẹ̀ ní Richmond, gìrìwò, bí ẹsẹ̀ bàtà 60 pẹ̀lú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní akin ni wọ́n fi ń yẹ́ sí. Bó bá jẹ́ ti akin ni, James Longstreet, ọwọ́ ọ̀tún Lee lójú ogun, ńkọ́? Longstreet gbà lẹ́yìn ogun pé kí aláwọ̀ dúdú máa dìbò. Ní 1874, ó kó ọlọ́pàá àti ọmọ ogun, tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú wọn, kojú àwọn White League, ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun tó ń tako ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, ní New Orleans. Ọ̀dàlẹ̀ làwọn ará Gúúsù pè é. Ère rẹ̀ kò dé Gettysburg, ọ̀kan lára ojú ogun náà, títí di 1998.

Wọ́n á ní ẹni tó wó ère, ìtàn ló wó. N ò gbà. Wọ́n gbé Lee kúrò ní Richmond ní 2021, wọ́n sì yọ́ ti Charlottesville nínú iná ní 2023, síbẹ̀ ìtàn rẹ̀ kún inú ìwé, ère rẹ̀ ṣì wà ní Gettysburg. Àyè ọlá ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orúkọ: Fort Bragg, ibùdó ọmọ ogun tó ń jẹ́ orúkọ ọ̀gágun Gúúsù mìíràn, di Fort Liberty ní 2023. Nígbà tí ìjọba dá orúkọ Bragg padà ní 2025, wọ́n ní Bragg mìíràn ni o, ọmọ ogun kan tó ja Ogun Àgbáyé Kejì!