Òdòdó gíláàsì tó wà ní Harvard

Ìṣòro kan wà fún ẹni tó bá ń kọ́ni nípa ewéko. Bó bá tẹ òdòdó sáàárín bébà, á gbẹ, á rí pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá. Bó bá dìgbà òtútù ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Kò sí òdòdó tútù tí yóò já. Ìdí nìyẹn tí George Goodale, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard, fi gba Jámánì lọ lọ́dún 1886.

Leopold Blaschka àti Rudolf ọmọ rẹ̀ ló lọ bá nítòsí Dresden. Ẹ̀dá inú òkun ni wọ́n ń fi gíláàsì ṣe nígbà náà, tí wọ́n ń tà fún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Goodale bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi gíláàsì ṣe ewéko náà. Ìyáàfin Elizabeth Ware àti Mary ọmọ rẹ̀ ló sanwó iṣẹ́ tuntun náà. Ọdún 1887 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó di 1936 kó tó parí. Leopold ti kú ní 1895, Rudolf nìkan ló ṣe ìyókù. Ohun tí wọ́n ṣe lé ní 4,000 lápapọ̀.

Ẹ má rò pé iná ìléru ńlá ni wọ́n lò o. Orí tábìlì ni: iná fìtílà, ẹwìrì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, àti ọ̀pá gíláàsì. Bí gíláàsì bá ti rọ̀, wọ́n á fi ẹ̀mú fà á, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fún un. Wáyà ló gbé ọ̀pọ̀ igi òdòdó náà ró, àtè ló sì so ewé kan mọ́ èkejì. Ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi kùn ún. Nígbà tó yá, Rudolf ń yọ́ gíláàsì aláwọ̀ fúnra rẹ̀, á lọ̀ ọ́ kúnná, iná á sì jó o mọ́ ara iṣẹ́.

Òdòdó ni gbogbo ayé ń lọ wò ní Harvard, ṣùgbọ́n èso jíjẹrà ló wú mi lórí jù. Láàárín 1924 sí 1932, Rudolf ṣe stírọ́bẹ́rì tó hu èébu, àti èso mìíràn tí àrùn bá jà. Ta ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tó ti bàjẹ́, tó sì rí bẹ́ẹ̀ dáradára?

Ìtọ́jú wọn ò rọrùn. Bí ilẹ̀ bá ń mì, ohun tó tín-ín-rín lè ṣẹ́. Àtè a máa gbẹ, á sì tú. Ọ̀rinrin náà a máa fa iyọ̀ inú àwọn gíláàsì kan jáde, á funfun lára wọn bí eruku. A ò sì lè kàn da omi sí i, torí omi kan náà lè ṣí ọ̀dà àti àtè.