Ṣé àpótí orin yín ń sọ òtítọ́ nípa ìlù?

Ní Soclogbo, láàárín àwọn òkè Ìdáàṣà, a kì í fi ìlù han ènìyàn kí ó tó mọ irú èyí tí wọ́n ń lù. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ yóò gbọ́ ìlù ìgbéyàwó tàbí ti òkú àgbà láti ọ̀nà jíjìn. Yóò mọ̀ bóyá ọwọ́ ni wọ́n fi ń lù ú tàbí igi. Yóò gbọ́ agogo lọ́tọ̀, yóò gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀. Etí yìí kan náà ni ó yẹ kí a mú lọ sí ọjà nígbà tí a bá fẹ́ ra àpótí tí ń gbé ohùn orin jáde, èyí tí a ń pè ní sípíkà tàbí baffle.

Ṣùgbọ́n kí ni a sábà máa ń rí? Ẹni tí ó ti ta kajú tàbí sóyà rẹ̀ tán yóò kó owó lọ bá olùtajà. Olùtajà yóò yí ohùn sókè títí àyà ẹni yóò fi máa gbọ̀n, yóò sì tọ́ka sí iye watt tí a kọ sára páálí. Oníbàárà yóò sanwó. Nígbà tí ó bá délé, tí ó fi orin tí ó fẹ́ràn sí i, ìró kan ṣoṣo ni yóò máa gbọ́: gbì, gbì, gbì. Ariwo pọ̀, ṣùgbọ́n ìlù kò sí níbẹ̀. Iye watt ń sọ bí agbára tí àpótí náà lè gbà ṣe pọ̀ tó. Kò sọ bóyá ohun tí ó ń gbé jáde jọ ohun tí onílù lù.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú rẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí a wé róbótó sí ẹ̀gbẹ́ òòfà. A so ó mọ́ bébà líle tí ó rí bí abọ́. Bí iná mànàmáná bá ti ń gba inú wáyà náà kọjá, òòfà a máa fà á, a sì máa tì í. Abọ́ náà yóò máa gbọ̀n, a ó sì gbọ́ ohùn. Ní 1925 ni àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Chester Rice àti Edward Kellogg, ṣàlàyé irú èyí tí a ṣì ń lò títí di òní.

Ìlù ńlá máa ń mi afẹ́fẹ́ bí ìgbà 50 sí 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Abọ́ gbòòrò ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi lè gbọ́ ìlù ńlá dáadáa láti ara fóònù. Ṣùgbọ́n aro, àwo idẹ pẹlẹbẹ tí àwọn onílù òde òní ń fi igi lù, ìró rẹ̀ a máa ga ju ìgbà 10,000 lọ. Abọ́ ńlá wúwo jù láti yára tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àpótí tí ó dára sábà máa ń ní abọ́ kékeré fún ìró òkè.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ mú orin Fela ti àwọn ọdún 1970, èyí tí Tony Allen lu ìlù rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti bí Tony Allen ní 1940, Paris ni ó kú sí ní 2020. Àwo méjì tí ń pàdé lórí ara wọn nígbà tí onílù bá fi ẹsẹ̀ tẹ irin, ó sọ ọ́ di ohùn pàtàkì nínú orin. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ibi tí igi ti kan idẹ. Lẹ́yìn náà, kí ìró náà máa tán lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń ṣe ṣàà bí epo gbígbóná, tàbí tí ó gé lójijì, ẹ fura. Ẹ tún fi orin Sagbohan Danialou ti Àjàṣẹ́ sí i, ẹni tí ń lu ìlù tí ó sì ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìlù má bo ẹnu rẹ̀. Orin kan ṣoṣo kò tó, nítorí ẹ̀bi náà lè wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gba orin sílẹ̀.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti dùndún. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àmì ohùn mọ̀ pé igbá, igba àti ìgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wọ̀nyí gan-an ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Àpótí tí ó bá mú kí ohùn ìsàlẹ̀ wú ju bí ó ti yẹ lọ yóò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ṣaworo etí ìyáàlù yóò sì dákẹ́. Ọmọ tí ó jẹ́ pé inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó ti ń gbọ́ dùndún yóò rò pé ariwo lásán ni.

Kí ẹ tó dá àpótí lẹ́bi, ẹ wo ibi tí ẹ gbé e sí. Igun ilé máa ń mú kí ìró ìsàlẹ̀ wú. Ẹ fà á kúrò lára ògiri díẹ̀, kí ẹ sì gbé e ga dé ọ̀gangan etí ẹni tí ó jókòó. Nínú yàrá oní-sìmẹ́ńtì tí a fi páànù bò, ìró a máa ta padà. Ẹ tẹ́ ẹní, ẹ fi aṣọ kọ́ ara ògiri. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ sì pe ọmọdé kan mọ́ra. Etí èwe lè gbọ́ láti ìgbà 20 títí dé nǹkan bí ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ti ń lọ, ìró òkè ni ó kọ́kọ́ ń fi wá sílẹ̀. Bàbá lè máa yin àpótí tí aro kò dún nínú rẹ̀ rárá. Kí ó bi ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún 12 léèrè bóyá òun gbọ́ ṣaworo.