Láti Ògùnpa dé Orí Kọ̀ǹpútà: Àlàyé lórí Ọ̀nà Tuntun tí a Fi Ń Ya Máàpù Omíyalé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí àwọn onímọ̀ ṣe ń lo sátẹ́láìtì, dátà òjò àti àwòṣe orí kọ̀ǹpútà láti mọ ibi tí omi yóò gbà àti ilé tí yóò wọ̀. Omíyalé Ìbàdàn ti ọdún 1980 àti ti ọdún 2011 ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ náà fi hàn pé ó ní ibi tí ojú ẹ̀rọ wọ̀nyí kò tó, àti pé ìmọ̀ tó wà nínú orúkọ àdúgbò àti lẹ́nu àwọn àgbà lè bá wọn dí àlàfo náà. A fi iṣẹ́ tí olùkọ́ lè gbé fún akẹ́kọ̀ọ́ kádìí rẹ̀.

1.0 Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe yìí ti là á sílẹ̀ fún wa pé ọ̀rọ̀ omíyalé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò nìkan. Apá kan rẹ̀ wà lọ́wọ́ òjò, apá kejì wà lọ́wọ́ onílé. Ṣùgbọ́n báwo ni onílé yóò ṣe kọ̀ fún àgbàrá bí kò bá mọ ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà bọ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ dáhùn.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi wá pé kí ló kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì. Ìdáhùn wa kò le. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ ìkìlọ̀ nípa omíyalé, bẹ́ẹ̀ èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ àwọn tí omi ń bá nílé ń sọ. Ìkìlọ̀ tí a kò gbọ́ yé kò yàtọ̀ sí ìkìlọ̀ tí a kò ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, ìmọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Láti Ìpetumodù, tí í ṣe ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀, ìrìn díẹ̀ ni ó gbé wa dé ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Nínú ọgbà yìí ni ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 lábẹ́ orúkọ RECTAS wà, èyí tí ó ń jẹ́ AFRIGIST lónìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ní ìmọ̀ yíya àwòrán ilẹ̀ láti òfurufú. Kò yẹ kí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní ìtòsí wa kí ó má wọ inú èdè wa.

2.0 Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀. Yorùbá kò pe gbogbo omi tó ń ba nǹkan jẹ́ ní orúkọ kan náà. Àgbàrá ni omi òjò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀ kí ó tó dé odò. Odò kíkún ni ti odò tó kúrò ní ojú ọ̀nà rẹ̀ tí ó bo bèbè. Omíyalé sì ni ohun tí méjèèjì ń dà bí wọ́n bá wọlé tọ ènìyàn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí ẹ̀rọ tó mọ odò kíkún dáadáa lè má mọ nǹkan kan nípa àgbàrá.

Dátà ni àwọn iye àti àkọsílẹ̀ tí a kó jọ kí a lè fi ṣe ìpinnu: bí òjò ṣe pọ̀ tó, bí ilẹ̀ ṣe ga tó, bí odò ṣe jìn tó. Àwòṣe ni ohun tí a ń wò ṣe, tàbí ohun tí a ṣe ní àfijọ ohun mìíràn. Àwòṣe orí kọ̀ǹpútà jẹ́ àfijọ ìlú, odò àti òkè rẹ̀, tí a fi iye gbé kalẹ̀. A lè rọ òjò lé ìlú orí kọ̀ǹpútà yìí lórí, kí a wo ilé tí omi yóò wọ̀, láìjẹ́ pé ọmọ ẹnikẹ́ni bá omi lọ.

3.0 Ohun tí Ojú Ìbàdàn Rí

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn. Àwọn tó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ lé ní 100. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí odò náà yóò ya wọ ìgboro. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1960, 1963 àti 1978. Ìjọba gbẹ́ odò náà, wọ́n sì fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, òjò tó tó 187.5 mílímítà rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ ní ìlú kan náà. Adágún Ẹlẹ́yẹlé tí wọ́n ṣe ní ọdún 1942 kún àkúnwọ́sílẹ̀, afárá wó, ènìyàn tó lé ní 100 sì tún kú.

Kí ni ìtumọ̀ 187.5 mílímítà? Ẹ jẹ́ kí a mú plọ́ọ̀tì kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 100. Bí òjò yẹn bá rọ̀ sórí plọ́ọ̀tì yìí nìkan, omi tí yóò gbà yóò tó 87,000 lítà. Táńkà olómi tó ń gba 10,000 lítà yóò nílò láti já omi sibẹ̀ ní ìgbà mẹ́sàn-án díẹ̀ kù. Tí a bá wá mú ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà kan níbùú àti kìlómítà kan lóòró, omi náà yóò di 187,500,000 lítà. Àwọn amọ̀kòkò Ìpetumodù mọ̀ pé ilẹ̀ amọ̀ kì í tètè fa omi. Ilẹ̀ tí a da kọnkéré bò kò tilẹ̀ fà á rárá. Gbogbo omi yìí gbọ́dọ̀ rí ibi lọ.

Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là owó yíyá fún ètò kíkojú omíyalé ní Ìbàdàn. Ara ohun tí ètò náà wà fún ni ṣíṣe máàpù àwọn ibi tí omi lè bò àti ètò ìkìlọ̀.

4.0 Ibi tí Dátà Tuntun Ti Ń Wá

Láyé àtijọ́, agolo òṣùwọ̀n òjò àti igi òṣùwọ̀n tí a rì mọ́ odò ni orísun dátà. Ibi tí irú rẹ̀ wà kò pọ̀ nílẹ̀ wa. Lónìí, orísun mẹ́ta pàtàkì ti kún un.

Èkíní ni dátà gíga ilẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2000, ọkọ̀ òfurufú Endeavour ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi rédà wọn gíga ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ ayé fún ọjọ́ 11. Èso iṣẹ́ náà ni dátà tí wọ́n ń pè ní SRTM. Ó pín ilẹ̀ sí ẹyọ-ẹyọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 30 mítà níbùú lóòró, ó sì sọ gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni.

Èkejì ni dátà òjò. Láti ọdún 2014 ni sátẹ́láìtì GPM, tí Amẹ́ríkà àti Japan jọ fi ránṣẹ́, ti ń bá àwọn mìíràn ṣe àkójọ òjò kárí ayé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ̀kẹta ni àwòrán omi fúnra rẹ̀. Nàìjíríà kò gbẹ́yìn níbí. NigeriaSat-1 gòkè ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ṣáájú omíyalé Ìbàdàn kejì. Ṣùgbọ́n àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn bí kámẹ́rà, kùrukùru òjò a sì máa dí wọn lójú. Sentinel-1 ti àwọn ará Yúróòpù, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè ní ọdún 2014, ń lo rédà. Rédà a máa ríran gba inú kùrukùru kọjá, lóru àti lọ́sàn-án. Omi tó tẹ́jú a máa dúdú nínú àwòrán rẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ a sì máa mọ́lẹ̀ jù ú lọ.

5.0 Bí Àwòṣe Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti fi ye akẹ́kọ̀ọ́ ni kí a ya ojú ilẹ̀ mẹ́sàn-án sára pátákó ìkọ̀wé, kí a kọ gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ ní mítà:

268   267   266
267   265   263
266   264   261

Ká ní òjò rọ̀ sí ojú ilẹ̀ àárín, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 265. Kọ̀ǹpútà yóò wo àwọn mẹ́jọ tó yí i ká, yóò sì darí omi náà sí ibi tí ilẹ̀ ti dà jù, ìyẹn 261 tó wà ní igun ìsàlẹ̀. Yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ilẹ̀ títí ọ̀nà omi gbogbo ìlú yóò fi hàn.

Nísinsìnyí, ká ní ẹnìkan ra ilẹ̀ 261 náà, ó kó yẹ̀pẹ̀ sí i, ó sì mọ odi, tí gíga rẹ̀ wá di 266. Omi kò ní pa dà sọ́run. Yóò yà sí 263, ilé aládùúgbò tí omi kò dé rí. Àpẹẹrẹ kékeré yìí fi hàn bí ìkọ́lé ẹnìkan ṣe lè di àjálù fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ wo irú máàpù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ìkọ́lé.

Àwọn àwòṣe tó lágbára jù èyí, bíi HEC-RAS tí ẹ̀ka àwọn ẹnjiníà iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ṣe tí wọ́n sì ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, ń ṣírò ìjìn omi, eré rẹ̀, àti bí koríko tàbí kọnkéré ṣe ń dá a dúró.

Irú àwòṣe kejì kò bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin ìṣàn omi. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá: wọ́n fi àkọsílẹ̀ òjò àti odò ọ̀pọ̀ ọdún láti ibi púpọ̀ hàn án, títí yóò fi lè sọ bí odò tí kò ní òṣùwọ̀n yóò ṣe kún. Irú èyí ni àwọn onímọ̀ Google ṣe, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní oṣù kẹta ọdún 2024 nínú ìwé ìròyìn Nature.

6.0 Ibi tí Ojú Ẹ̀rọ Kò Tó

Ní ọdún 2012 àti 2022, odò Ọya àti Bẹ́núè kún bo ilẹ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà. Ti ọdún 2012 pa ènìyàn 363 gẹ́gẹ́ bí àjọ NEMA ṣe sọ. Ti ọdún 2022 pa ènìyàn tó lé ní 600. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni omi náà fi wà nílẹ̀, nítorí náà sátẹ́láìtì rí i dáadáa.

Ti Ògùnpa kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ìrọ̀lẹ́ lè di àgbàrá kí ó tó di òru, kí ó sì ti gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Sátẹ́láìtì tó ń kọjá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mélòó kan kò ní bá a nílẹ̀. Dátà òjò láti òfurufú náà, ojú ilẹ̀ rẹ̀ kan tó nǹkan bí kìlómítà mẹ́wàá níbùú lóòró. Ó lè gbé ìlú kan odidi mì. Nínú dátà gíga ilẹ̀ ẹ̀wẹ̀, òrùlé àti orí igi a máa da ojú rédà rú, gọ́tà tí kò fẹ̀ ju mítà kan lọ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Kò sí sátẹ́láìtì kan tó mọ̀ pé pàǹtírí ti dí abẹ́ afárá.

7.0 Ìmọ̀ Inú Èdè àti Iṣẹ́ Olùkọ́

Ibí ni olùkọ́ Yorùbá ti wọlé. Orúkọ àdúgbò jẹ́ dátà. Ibi tí wọ́n bá ń pè ní Àbàtà, Àkùrọ̀ tàbí Odò-Ọnà ń sọ ìtàn omi fún wa, kódà bí ilé bá ti bo gbogbo rẹ̀. Ẹni tó sọ ibẹ̀ lórúkọ ti rí omi níbẹ̀. Ẹnu àgbà náà jẹ́ dátà: ìyá arúgbó tó lè fọwọ́ kan ara ògiri pé 'ibí ni omi dé' ti fún àwòṣe ní ohun tí sátẹ́láìtì kò ní.

A dábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí nínú ìlú rẹ̀. Kí ó kó orúkọ àdúgbò tó jẹ mọ́ omi jọ, kí ó sì bèèrè ìtumọ̀ wọn. Kí ó fi téèpù wọn gíga àmì omi lára ògiri, kí ó kọ ọdún tí omi náà wá. Kí ó fi fóònù mú ibi tí àmì náà wà lórí máàpù. Kí ó fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀.

Iṣẹ́ kejì ni ti ìtumọ̀. Àwọn onímọ̀ a máa sọ pé omíyalé kan jẹ́ 'ti ọgọ́rùn-ún ọdún'. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ báyìí lásán, ẹni tí omi bá lánàá yóò rò pé ó di ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó tún dé. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn yàtọ̀. Ẹ kó ọmọ ayò 100 sínú àpò, kí ọ̀kan jẹ́ dúdú. Lọ́dọọdún, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ mú ẹyọ kan láìwò ó, kí ẹ sì dá a pa dà. Ọdún tí dúdú bá jáde ni omi dé. Ó lè jáde lọ́dún yìí, kí ó tún jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ṣíṣeéṣe pé yóò jáde, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́rin kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkìlọ̀. Bí a bá kéde pé 'odò yóò dé ìwọ̀n ewu', kò sí ẹni tó mọ ohun tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé 'Lọ́la kí ilẹ̀ tó ṣú, omi lè dé orúnkún nínú ilé tó wà nísàlẹ̀ afárá. Ẹ kó ọmọ àti arúgbó lọ sókè', onílé ti rí ohun tí yóò fi kọ̀ fún àgbàrá.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé sátẹ́láìtì àti àwòṣe orí kọ̀ǹpútà lè fi ọ̀nà omi hàn wá kí omi tó dé. A sì ti rí i pé odò ńlá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ dáadáa, àti pé àgbàrá ìgboro, irú èyí tó pa àwọn ará Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì, ṣì ń fẹ́ ìmọ̀ ẹni tó ń gbé àdúgbò. Àwọn àgbà tó rí omi ọdún 1980 ń dín kù lọ́dọọdún. Bí a kò bá kọ ohun tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí, kò sí kọ̀ǹpútà tí yóò bá wa rántí rẹ̀.