Ewéko Tí Kò Ní Ewé

Lásìkò ìkórè ní Ayétòrò, tí ọmọdé bá bó pòpòrò àgbàdo tútù kó lè fà á mu bí ìrèké, okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń há a léyín. Ọ̀nà omi ni okùn wọ̀nyẹn. Inú wọn ni omi ń gbà láti gbòǹgbò dé ewé.

Ewéko tó ti ní irú okùn yìí láti ìgbà láéláé wà nínú òkúta, àmọ́ kì í ṣe òkúta ilẹ̀ Yewa tí Ayétòrò wà. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ sọ ìpele òkúta yanrìn kan ní orúkọ ìlú Ìlaròó, ṣùgbọ́n sànmánì Eocene ló ti wá, láàrin mílíọ̀nù 56 sí 34 ọdún sẹ́yìn. Ọmọ àná ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mò ń sọ.

Rhynie, abúlé kan ní Scotland, ni ti àgbà wà. Oníṣègùn kan, William Mackie, ló rí i ní 1912. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 407 ọdún sẹ́yìn, omi gbígbóná ń ru jáde nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Omi náà kún fún silica, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe dígí. Ó ya bo ewéko etí rẹ̀, ó wọ inú wọn, ó sì dì kí wọ́n tó ráyè jẹrà. Tí wọ́n bá rẹ́ òkúta náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi là á kọjá, wọ́n á rí sẹ́ẹ̀lì ara ewéko náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Robert Kidston àti William Henry Lang sọ ọ̀kan nínú wọn ní Rhynia gwynne-vaughanii ní 1917. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ọ̀pá rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdí ẹyọ ìgbálẹ̀. Kò léwé, kò ní òdòdó, kò ní gbòǹgbò. Irun wẹ́wẹ́ ló fi di ilẹ̀ mú. Ọ̀pá tútù yẹn ló ń là sí méjì méjì bí igi kànnàkànnà, tí àpò hóró ìbísí (spore) tó kúnná bí àtíkè sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀.

Ní 1920, wọ́n sọ òmíràn tó tóbi jù ú lọ ní Rhynia major. Òun náà ń là sí méjì, òun náà ní àpò lórí. Ta ni kò ní pè wọ́n ní ọmọ ìyá? Inú wọn ló tú àṣírí. Ògiri ọ̀nà omi Rhynia nípọn ní ìlà-ìlà, bí ọ̀nà ọ̀fun adìẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, tí òrùka ara rẹ̀ kì í jẹ́ kó pa dé. Ti èkejì kò ní ìlà kankan. Ó jọ ti ohun tútù múlọ́múlọ́ tó ń bo ògiri nígbà òjò. Ní 1986, David S. Edwards yọ ọ́ kúrò lára Rhynia, ó sọ ọ́ ní Aglaophyton. Ọdún 66 ló ti fi ń jẹ́ orúkọ ẹbí tí kì í ṣe tirẹ̀! Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn gidigidi.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ìlaròó àti Ayétòrò, ẹ jọ̀ọ́, bí àgbàdo bá tún dé, ẹ fún àwọn ọmọ ní pòpòrò, kí wọ́n là á, kí wọ́n fa okùn náà jáde fúnra wọn.