Ihò Bíńtín Lára Ọkọ̀: Kí A Má Ṣe Pa Iná Tí Ń Kìlọ̀ Fún Wa

Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́. Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Òwe yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn ní ọjọ́ tí iná kan, pupa rúsúrúsú, tàn níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí a fi ń kó ìwé lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ọkọ̀ náà ń sáré dáadáa, kò sì kú lójú ọ̀nà rí. Òórùn epo nìkan ni a ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ lówùúrọ̀. Rewáyà tí a kọ́kọ́ pè kò yẹ ohunkóhun wò. Ó ní kí a jẹ́ kí òun yọ gílóòbù iná náà, kí ọkàn wa lè balẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ajá bá ń gbó olè lóru, ṣé ẹni tí ó di ajá lẹ́nu ti lé olè lọ?

Epo bẹntiróòlù kì í jókòó jẹ́ẹ́. Bí oòrùn bá ti pa táǹkì, epo a máa di oru, oru náà a sì máa wá ọ̀nà àtijáde. Oru yìí ni ó ń gbiná, kì í ṣe epo ṣíṣàn gan-an. Inú rẹ̀ sì ni benzene wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn mọ̀ pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Nítorí èéfín tí ó bo àwọn ìlú wọn, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fi òfin de oru epo lára ọkọ̀ tuntun ní ọdún 1970. Gbogbo Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní ọdún 1971. Láti ìgbà náà ni agolo kan tí èédú kún inú rẹ̀ ti wà lára ọkọ̀ wọn. Èédú náà a máa fa oru mọ́ra. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, fáàfù kan a ṣí, ẹ́ńjìnnì a sì fa oru náà, a jó o bí epo yòókù. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ìbá ṣòfò ṣe ń di agbára.

Láti ọdún 1996, òfin wọn tún fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ kéékèèké tuntun máa yẹ ara rẹ̀ wò. Ọkọ̀ a ti gbogbo ọ̀nà oru pa, a fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde nínú táǹkì, a sì máa ṣọ́ bóyá ti òde ń wọlé. Ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 1 péré tó láti mú kí iná tàn. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú tòkunbọ̀ tí a ń rà.

Mẹkáníìkì kejì tí a lọ bá so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọkọ̀, ó sì ka àmì P0442: ihò kékeré wà ní ọ̀nà oru epo. Ṣùgbọ́n àmì náà kò sọ ibi tí ihò wà. Nítorí náà, ibi tí ìnáwó ti kéré jù ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Èkíní, ó yẹ ọmọrí táǹkì wò, bóyá rọ́bà rẹ̀ ti sán, tàbí a kì í dé e títí yóò fi dún. Kò sí àléébù níbẹ̀. Èkejì, ó fi ojú àti ọwọ́ tọ àwọn ọ̀pá rọ́bà láti ẹ́ńjìnnì dé abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀kẹta, ó tú ọ̀pá tí ó ti ọ̀dọ̀ agolo èédú wá kúrò lára fáàfù, ó tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó ṣì tutù, ó sì fi ìka dí ẹnu fáàfù náà. Bí ó bá ń fa ìka, a jẹ́ pé fáàfù kò pa dé mọ́. Kò fa.

Ẹ̀kẹrin ni èéfín. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì fi ẹ̀rọ kan fẹ́ èéfín sínú ọ̀nà oru pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, agbára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà. Ó ní ẹni tí ó bá lo ẹ̀rọ fọkanáísà lè ba táǹkì jẹ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Láìpẹ́, èéfín tín-ín-rín bí òwú yọ lókè ọ̀pá irin tí a ń gbà rọ epo, lábẹ́ ẹrẹ̀ tí ó ti gbẹ mọ́ ọn. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lu. Ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà tí òjò dídì ti ń rọ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù. Iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹnì kan tí ó dúró tì wá ní kí a pe wẹ́dà. Mẹkáníìkì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní táǹkì tí epo ti gbẹ nínú rẹ̀ léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí oru àti afẹ́fẹ́ ni ó kù síbẹ̀. Iná tí ó bá ta pàrà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó láti gbé e fò. Ó tú ọ̀pá náà, ó fi èyí tí kò ní ìpẹtà rọ́pò rẹ̀, ó fi rọ́bà àti kílípù tuntun dè é, ó sì tún fi èéfín dán an wò. Èéfín kò yọ mọ́. Ó pa àmì rẹ́, ó sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe máa rọ epo ní àkúnwọ́sílẹ̀, nítorí epo ṣíṣàn a máa ba èédú jẹ́. Iná náà kò tàn mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀kọ́ nípa afẹ́fẹ́ àti oru tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì ni ọkùnrin yìí fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wo irú rẹ̀; ẹ sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì náà jókòó sí kíláàsì yín. A gba òmìnira ní ọdún 1960, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ra ọkọ̀ tí kò gbọ́ èdè ọkọ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹni tí ó ṣe é. Bí ògiri kò bá la ẹnu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa wá ojú ibi tí ògiri ti là, kí a sì fi gílóòbù sílẹ̀ ní ipò rẹ̀.