Dì í, ká a, tò ó: ọ̀rọ̀ tí ẹ óò lò nígbà tí ẹ bá ń kó ẹrù ilé pamọ́

Nígbà tí àwọn òbí bá fẹ́ kó kúrò ní ilé ńlá lọ sí kékeré, tàbí tí wọ́n fẹ́ padà sí Nàìjíríà, ẹ̀yin ọmọ ni wọ́n máa ń pè láti wá palẹ̀ ẹrù mọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn mìíràn a máa háyà yàrá ní ilé ìkẹ́rùsí, wọn a sì máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí.

Gbé àti kó. "Gbé àga wá": àga kan ni. "Kó àga wá": ó ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ náà "àga" kò yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló sọ iye rẹ̀ fún yín.

Wé, ká àti dì. Ẹ fi ìwé ìròyìn wé àwo kọ̀ọ̀kan. Ẹ ká aṣọ. Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹrù náà sínú páálí. Ìwé wúwo, nítorí náà páálí kékeré ni kí ẹ kó o sí.

Ẹ ṣàkíyèsí ohùn. "Dì" àti "tò" ní ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: mo di ẹrù, mo to àwo. Níwájú arọ́pò-orúkọ, ohùn ìsàlẹ̀ yóò padà wá: mo dì í, mo tò ó.

Tò. Ẹ to èyí tó wúwo sísàlẹ̀, kí èyí tó fúyẹ́ wà lókè, kí ẹ sì fi ọ̀nà sílẹ̀ láàárín. Báàgì Ghana-Must-Go rọ̀, ẹ má to páálí lé e lórí. Ọdún 1983 ni báàgì yìí gba orúkọ rẹ̀, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ghana sì fi í kó ẹrù wọn. Ẹ má kó gàrí, ẹ̀gúsí tàbí ẹja gbígbẹ síbẹ̀, nítorí eku àti kòkòrò.

Pa mọ́. Ẹ má fi ọ̀rá di aṣọ òkè pa, nítorí ọ̀rinrin; aṣọ funfun tó mọ́ ni kí ẹ fi wé e. Tí owó oṣù bá sì wọ gbèsè, ilé-iṣẹ́ náà lè ta ẹrù yín. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí páásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò tí kò ní ẹ̀dà wà lọ́dọ̀ yín nílé.

Kọ orúkọ sí i. Páálí tí a kọ "aṣọ àtijọ́" sí lára, ẹni tí kò mọ̀ lè kó o dànù. Èyí tí a kọ "sányán ìgbéyàwó Mọ́mì" sí, kò sẹ́ni tí yóò jù ú nù. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé sányán ni, pé kì í ṣe ẹtù tàbí àlàárì? Mọ́mì ni. Kí ẹ tó lẹ páálí pa, ẹ bi wọ́n léèrè: "Mọ́mì, kí lẹ ń pe aṣọ yìí? Ìgbà wo lẹ wọ̀ ọ́?" Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.

Òdì kejì "dì" ni "tú". Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá tú ẹrù náà, ó lè jẹ́ pé Mọ́mì kò ní sí nítòsí láti dáhùn. Ara páálí ni ẹ óò ti ka ohun tí wọ́n sọ.